Bí Màmá Mi Ṣe Bá Wa To Ìbéèrè

Ọmọbìnrin kan pa gbogbo akọrin ìjọ rẹ̀ rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ la sì fi ohun tó fi pa wọ́n rẹ́ lé e lọ́wọ́.

Ẹ má fòyà, kò sí ẹni tó kú. Orúkọ wọn ló pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ náà ní Ìjagun, ó sì ń kọ́ ìkànnì ayélujára kékeré kan fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, kí wọ́n lè máa rí ẹni tó ń kọ ohùn òkè àti ẹni tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, ẹni tó wá síbi ìdánrawò àti ẹni tó sá. Irinṣẹ́ tó fi ń kọ́ ìkànnì náà, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa ń pe irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní férémùwọ́ọ̀kì. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ kọ́lé tí káfíńtà ti kan férémù ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé sílẹ̀ dè é: kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí igi gígé. Ọkùnrin ará Èkìtì kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìjagun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é. Òun náà máa ń pè mí ní ará Ìjẹ̀bú, bí ẹni pé èmi nìkan ni Ìjẹ̀bú tó wà láyé. Nígbà tí mo kúrò ní Èkó tí mo padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, a pàdé níbi ìpàdé àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí, mo tú àléébù rẹ̀ palẹ̀ fún odindi wákàtí kan, ó sì ní kí n wá bá òun tún un ṣe nígbà tí ẹnu mi mú tó bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe di ẹnìkejì ara wa nìyẹn.

Apá tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni apá tó ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀. Dátábéèsì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, ní ìlà-ìlà, bíi rẹ́jísítà kíláàsì. Ó ní èdè tirẹ̀, èdè náà sì le. Bí o bá ṣi àmì kan ṣoṣo fi, kò ní dá ọ lóhùn. Iṣẹ́ mi ni láti ṣe àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí èèyàn lè so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, kí irinṣẹ́ wa sì fi wọ́n to ìbéèrè tí yóò yé dátábéèsì. Atòbéèrè là ń pè é láàrin ara wa. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀rọ̀ náà nínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ni n ó fi sọ wọ́n níhìn-ín: mú, láti inú, tó bá jẹ́, tò ó, pa rẹ́. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Mo máa ń kà wọ́n sókè fúnra mi nínú yàrá bí ẹni tó ń ka ewì.

Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ariwo máṣíìnì wọn kì í dá, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé bí wọ́n bá lọ jẹun ọ̀sán, n kì í lè ronú mọ́. Ìgbà tí wọ́n lọ jẹun yìí ni ọmọ yẹn gun àtẹ̀gùn wá, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ṣíṣí lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé abọ́ ọbẹ̀ tó kún.

"Àǹtí, ẹ káàsán mà. Wọ́n ti lọ."

"Àwọn wo?"

"Gbogbo akọrin. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yọ, mà. Ó ti lọ́kọ, ó ti kó lọ sí Ìbàdàn."

Mo gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: pa rẹ́ láti inú akọrin, tó bá jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni báyìí-báyìí. Lójú èèyàn, kò sí àléébù níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń lo irinṣẹ́ wa láti mú nǹkan wá, bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń to ọ̀rọ̀: mú á ṣáájú, tó bá jẹ́ á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan pípa rẹ́, mo ti yí i padà láìronú: tó bá jẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí irinṣẹ́ náà bá ti kan pa rẹ́, ó ti ń pa rẹ́ nìyẹn, kò ní dúró gbọ́ ìyókù. Kó tó dé ibi tí ọmọ náà ti dárúkọ ẹni tó lọ sí Ìbàdàn, kò sí akọrin kankan nílẹ̀ mọ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù.

"Ṣé kò ka ìwé ìtọ́sọ́nà ni?" Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. "Ó wà níbẹ̀ gbangba."

Èmi ni mo kọ ìwé ìtọ́sọ́nà náà. Mo ṣí i kí n lè fi ojú ibẹ̀ han ọmọ náà, lóòótọ́ ìkìlọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìkìlọ̀ náà, nínú àpẹẹrẹ tí èmi fúnra mi kọ, mo ti fi pa rẹ́ ṣáájú. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kò sì sí ẹni tó rí i, títí kan èmi tí mo kọ ọ́. Mo rọra pa ojú ìwé náà dé.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ni ọmọ náà wí. "N ò mọ nǹkan tí mo ń ṣe ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá gbà á. Àfi kó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ kòtò tó já sí! Mo sọ fún un pé ẹ̀bi wa ni, kò gbà. Ó ní ọ̀gá akọrin wọn ní rẹ́jísítà oníwèé nílé, òun yóò tún gbogbo orúkọ tẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Àwọn aránṣọ dé láti ibi oúnjẹ, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ ariwo, síbẹ̀ n ò rí nǹkan gidi kan ronú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Odògbolú lọ kí màmá mi.

Akọ̀wé fáìlì ni màmá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń tọ́jú gbogbo fáìlì tó wà lọ́fíìsì wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fáìlì á sọ fún un, òun á lọ gbé e wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ yìí máa ń tì mí lójú díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni màmá ọ̀rẹ́ mi kan, tíṣà ni ti èkejì, bí wọ́n bá sì bi mí pé kí ni tèmi ń ṣe, mo máa ń sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni, mo á sì tètè yí ọ̀rọ̀ padà. Èmi tí mo wá ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ bí ẹ̀rọ á ṣe máa gbé àkọsílẹ̀ wá fún èèyàn, kò fìgbà kan wá sí mi lọ́kàn pé iṣẹ́ kan náà ni.

Ó ti se ìkọ́kọrẹ́ dè mí. Ó rí i pé mo kàn ń fi ṣíbí gún un lásán.

"Ṣé iyọ̀ pọ̀ jù ni?"

"Rárá, Màmá. Ó dùn."

"Kí ló wá ṣe ọ́?"

Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀: ọmọ náà, akọrin, ẹni tó lọ sí Ìbàdàn, àti àpẹẹrẹ burúkú tí mo kọ sínú ìwé. Màmá mi kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"O ní akọ̀wé yẹn gbọ́ 'pa rẹ́,' ó sì pa rẹ́?"

"Kì í ṣe akọ̀wé, Màmá. Ẹ̀rọ ni."

"Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe. Kò béèrè pé èwo?"

"Kò béèrè."

"Akọ̀wé burúkú ni. Ta ló gbà á síṣẹ́?"

"Èmi ni, Màmá."

Ó wò mí, mo wò ó, la bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín láti ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Mo fa abọ́ mi súnmọ́ ara.

Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́fíìsì kan tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, tí èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ọ̀gá wọn ń jáde lọ, ó nàka sẹ́yìn láìwojú ẹnikẹ́ni, ó ní, "Ẹ kó àwọn fáìlì orí tábìlì yẹn dànù." Òkìtì kan ló ní lọ́kàn. Òkìtì mẹ́ta ló wà lórí tábìlì. Ẹni tó ń tọ́jú ọ́fíìsì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sórí ààtàn. Màmá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, ló wọ bàtà gíga lọ sórí ààtàn lọ ṣà wọ́n padà lẹ́yọ ẹyọ, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

"Láti ọjọ́ yẹn," ó ní, "n ò gba iṣẹ́ ẹnu mọ́. Mo ṣe bébà. Funfun fún ẹni tó fẹ́ ká gbé fáìlì wá, pupa fún ẹni tó fẹ́ ká kó o dànù."

"Kí ló wà lórí rẹ̀?"

Ó dìde, ó já ewé kàlẹ́ńdà oṣù tó kọjá, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó sì yà á fún mi. Ìlà àkọ́kọ́: kọ́bọ́ọ̀dù wo? Ìkejì: àwọn fáìlì wo nínú rẹ̀? Ìkẹta: báwo ni kí n ṣe tò wọ́n, ti tuntun ló máa wà lókè ni àbí ti àtijọ́? Ìkẹrin: mélòó lo fẹ́? Nísàlẹ̀ pátápátá ló wá kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe.

"Kí ló dé tí kọ́bọ́ọ̀dù fi ṣáájú?" mo bi í. Tiwa, àfi níbi pípa rẹ́, ohun tí èèyàn fẹ́ ṣe ló ń ṣáájú.

"Ibo ni mo máa kọ́kọ́ rìn lọ? Ṣé mo lè mú fáìlì kí n tó dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù ni?"

"Tí ẹnì kan ò bá wá kọ nǹkan kan sí ìlà kejì ńkọ́?"

"Lórí funfun, kò burú. Gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù lo fẹ́ nìyẹn, màá kó o fún ọ, wàá sì wá ibi tó o máa gbé e sí. Lórí pupa, n ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Àní bí o bá jẹ́ ọ̀gá àgbà. Tó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ lo fẹ́ kí n kó dànù lóòótọ́, fọwọ́ ara rẹ kọ 'gbogbo rẹ̀' síbẹ̀, kó o sì fọwọ́ sí i. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá ń kọ ọ́ ni ọpọlọ rẹ máa jí."

Mo ká ewé kàlẹ́ńdà náà sínú báàgì mi. Mo bu ìkọ́kọrẹ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ gbọ́. Ará Èkìtì ni. Ọ̀rọ̀ tó bá ti jókòó tì, ẹ ò lè ti í kúrò nídìí rẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo bá a ní Ìjagun lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tẹ́ ewé kàlẹ́ńdà sórí tábìlì rẹ̀, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó kà á, ó sì gbé awò náà padà sójú.

"Èdè dátábéèsì fúnra rẹ̀, ohun tó o fẹ́ mú ló ń ṣáájú. Bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Tí a bá dà á rú, àwọn tó ti mọ iṣẹ́ á bínú sí wa."

"Àwọn tí kò tíì mọ iṣẹ́ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Wọ́n á kọ́ ọ."

"Ọmọ ọjọ́ Sátidé náà kọ́ ọ. Ohun tó kọ́ gan-an ló ṣe."

Mo ní kí a dán an wò, ó sì gbà, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ràn bí ìdánwò. A pín bébà fún mẹ́jọ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. A ní kí wọ́n má ronú nípa kọ̀ǹpútà rárá; kí wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa rán akọ̀wé ìjọ kó bá wọn wá àwọn tó ń kọ ohùn òkè tí wọn kò wá síbi ìdánrawò. Ẹnì kan kọ odindi lẹ́tà, ó kí akọ̀wé àti ìdílé rẹ̀ kó tó dé orí ọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ jọ̀ọ́ sà." Mẹ́fà yòókù bẹ̀rẹ̀ bákan náà: "Nínú àwọn akọrin..."

Ẹ̀gbọ́n ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tò wọ́n, ó tún wọn tò.

"Kọ́bọ́ọ̀dù," ó ní, bí ẹni tí eyín ń dùn. "Ó dára. Kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ṣáájú. Ṣùgbọ́n bébà pupa yẹn, n ò gbà. A ò lè máa tọ́jú àgbàlagbà bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá kọ pa rẹ́, kó mọ ohun tó kọ."

Mo ṣí ìwé ìtọ́sọ́nà wa, mo yí kọ̀ǹpútà sí i, mo sì fi ìka mi sórí àpẹẹrẹ tí mo kọ. Ó kà á. Ó wo ojú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi yọ awò ojú kó lè nu omi ojú rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà wò wá.

"Ará Ìjẹ̀bú! Ìwọ fúnra rẹ!"

"Èmi fúnra mi, ẹ̀gbọ́n."

Bí bébà pupa ṣe wọlé nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la fi tún atòbéèrè náà kọ. Iṣẹ́ náà dùn, mi ò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ la fi ń jẹun. Odindi ọjọ́ kan la fi jà lórí bóyá mú ló yẹ ká lò tàbí gbé wá, ẹ̀gbọ́n sì bá àga tó jókòó lé jà, ó ní àga náà kò jẹ́ kí òun ronú. Mú ló borí, nítorí pé ó kúrú. A wá kan ìṣòro tí àwa méjèèjì kò rò tẹ́lẹ̀.

Ọmọ tó pa akọrin rẹ́ ló mú un wá. Kò bínú sí wa, ó tún ń bá wa dán irinṣẹ́ tuntun náà wò. Mo rò pé ó fẹ́ mọ ohun tó ṣe é gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ó fẹ́ rí àwọn akọrin obìnrin tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Odògbolú, kí wọ́n lè jọ wọ mọ́tò kan. Irinṣẹ́ wa kó àwọn obìnrin Òde wá, ó sì kó gbogbo ará Odògbolú lé wọn lórí, àtọkùnrin àtobìnrin. Bàbá àgbà kan tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lókè pátápátá.

"Ohun tó o kọ ló ṣe," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Obìnrin tó wà ní Òde, tàbí ẹni tó wà ní Odògbolú."

"Sà, kì í ṣe ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn."

Àwọn méjèèjì ló jàre. Mo pe màmá mi, mo sì gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n máa ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí bébà rẹ̀ nígbà náà.

"Lójoojúmọ́," ó ní. "Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń fi ohun tó ní lọ́kàn hàn, ṣùgbọ́n bébà kì í ní ohùn. Mo máa ń fi pẹ́ńsù yí ìlú méjèèjì po, mo á fi han ẹni náà: ṣé bí o ṣe ní in lọ́kàn rèé? Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ń lọ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n ti gbé pẹ́ńsù kí màmá mi tó sọ̀rọ̀ tán. A ṣe ọ̀rọ̀ tuntun kan tí à ń pè ní yí po. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, irinṣẹ́ wa máa kà á sí ọ̀kan kó tó wo ìta. Bí ẹnikẹ́ni bá fi tàbí sí àárín ìbéèrè láìyí i po, irinṣẹ́ náà á dúró, á sì bi í pé èwo ló so mọ́ èwo.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a gbé e jáde, ẹ̀gbọ́n ní dandan ni kí màmá mi wá wò ó. Ó dé sí Ìjagun lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú báàgì ọwọ́ àti awò ìkàwé tó fi okùn so kọ́rùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúnlẹ̀ kí i, ẹ̀gbọ́n náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá mi ní kó dìde, pé aṣọ rẹ̀ funfun. A ti kó àwọn fáìlì àfiṣeré jọ sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú orúkọ àti ìlú tí a finú rò. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n gbọ́wọ́ kúrò, òun máa tẹ̀ ẹ́ fúnra òun. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè bó ṣe ń wá a.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ dáa. Ó mú fáìlì àwọn olùkọ́ wá, ti tuntun lókè, márùn-ún péré. Ó mi orí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló ní kó kó gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù dànù láìsọ èwo. Irinṣẹ́ náà dá a lóhùn pé ẹ kò tíì sọ èwo, àti pé tó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni, ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n lókè awò, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Inú ẹ̀gbọ́n dùn débi pé kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí.

Ìbéèrè kẹta ló bà á jẹ́. Màmá mi ní kó mú fáìlì àwọn tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó. A kò kọ ẹnikẹ́ni láti Ìjẹ̀bú-Igbó síbẹ̀. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà pọ́n, ìlà méjìlá Gẹ̀ẹ́sì gígùn tú jáde, pẹ̀lú àmì ìyanu. Màmá mi fọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Kò sí ẹni tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó níbẹ̀ ni."

"Kí ló wá ń pariwo mọ́ mi fún?"

Ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí wa. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tó máa ń fi wò mí ni bí mo bá da omi sílẹ̀ nínú yàrá.

"Bí ẹ bá rán mi lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo débẹ̀ tí n ò rí nǹkan tí ẹ fẹ́, ṣé mo máa sáré jáde, kí n máa ké bí ẹni tí ejò bù jẹ? Màá padà wá sọ fún yín pé kò sí ni. Kò sí náà, èsì ni. Ẹlòmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé 'kò sí' yẹn gan-an ló ń retí kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ló ṣe apá yẹn nínú irinṣẹ́ náà. Kò jiyàn. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú ìpápánu àti omi tútù wá fún màmá, ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó sì jókòó tì í. Kí màmá mi tó mu omi náà tán, ó ti tún un ṣe. Ó ní kí ó tún béèrè. Màmá mi tún tẹ Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo wa sì dúró tì í. Ojú kọ̀ǹpútà funfun. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló wà láàárín rẹ̀: kò sí.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni màmá mi wí, ó sì mú ìpápánu rẹ̀.

Nígbà òjò la gbé irinṣẹ́ náà jáde sórí ayélujára. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó wọlé jẹ́ ti ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí, láti òkèèrè réré; ó ní a ti sọ òun di ọmọ jẹ́léósinmi pẹ̀lú "ẹ kò tíì sọ èwo." Ẹ̀gbọ́n, tó ti fi gbogbo ẹnu bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ló kọ èsì sí i. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Mo kà á, n ò tíì rí ibi tí wọ́n ti gbèjà bébà pupa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni náà kò fèsì mọ́. Àwọn mìíràn wá, wọ́n ní ó yé àwọn kíákíá, àwọn kan rí àṣìṣe tí a kò rí, a sì tún wọn ṣe. Ẹgbẹ́ akọrin ọmọ yẹn ń lo ìkànnì wọn. Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi í bá ara wọn jà lórí ẹni tó ń sá ní ìdánrawò.

Mo fẹ́ kọ orúkọ màmá mi sí ojú ìwé tí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ràn wá lọ́wọ́. Mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní Odògbolú.

"Má kọ orúkọ mi síbẹ̀," ó ní. "Wọ́n á máa pè mí."

"Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín ni?"

"Àwọn tó yẹ kó mọ̀ mí mọ̀ mí."

Nítorí náà, a kọ "akọ̀wé fáìlì kan tó ti fẹ̀yìn tì" síbẹ̀, òun ló sì wà lókè gbogbo àwa tó kù. Mo fi hàn án lórí fóònù mi. Ó kà á pẹ̀lú awò ìkàwé rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, kò sì dá fóònù náà padà fún mi bọ̀rọ̀. Mo jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní nǹkan kan tó ti pẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún un, nípa bí mo ṣe máa ń yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tí wọ́n bá bi mí ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo sọ ọ́.

"Mo mọ̀," ó ní. "Tíṣà rẹ kan sọ fún mi nígbà yẹn."

"Ẹ ò bínú?"

"Mo bínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ pọ̀, mo gbàgbé." Ó na fóònù sí mi. "Ṣé o ti jẹun?"

N kò tíì jẹun. Ó wọ ilé ìdáná lọ, mo sì tẹ̀ lé e lọ bá a bó ewùrà.